AṢỌ IGBÓ ÀTI ÀKÍSÀ IGBÓ

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹ̀ka sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé gbogbogbòò

  

Iṣẹ́ tí Ìgbìmọ̀ rán mi ni kí n sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè kan tí ó ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Ìbéèrè náà nìyí: bí ènìyàn bá gé igbó kan tán pátápátá, tí ó sì tún gbin igi sí ibẹ̀, ǹjẹ́ igbó náà ti padà? Apá kan ní ó ti padà, nítorí pé àwọn òyìnbó ń ṣe é, ilẹ̀ wọn kò sì di aṣálẹ̀. Apá kejì ní irọ́ ni, pé igi tí a fi ọwọ́ gbìn kì í ṣe igbó. Mo ti ka ohun tí mo lè kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rí i pé ibi tí a ti lè rí ìdáhùn tí ó yanjú ni ilẹ̀ òtútù tí ó wà ní òkè ayé, pàápàá jùlọ ilẹ̀ Swídìn. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ti ń gé, wọ́n ti ń gbìn, wọ́n sì ti ń kọ ọ́ sínú ìwé láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Òwò ni iṣẹ́ mi, èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìwé ìṣirò jẹ́, ọ̀rọ̀ ìwé ìṣirò sì ni ọ̀rọ̀ yìí.

IRÚ IGBÓ TÍ À Ń SỌ

Ní òkè ayé, níbi tí òtútù pọ̀ sí, igbó kan wà tí ó yí ayé ká bí ìgbànú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Nọ́wè àti Swídìn, ó gba Fínlándì kọjá, ó la Rọ́ṣíà já láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ní Alaska títí dé etí òkun Kánádà ní ìlà oòrùn. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo igbó tí ó wà láyé. Oríṣi igi tí ó wà níbẹ̀ kò pọ̀ bí ti igbó ilẹ̀ wa. Ní Swídìn, igi méjì ni ó pọ̀ jù: igi páìnì àti igi tí wọ́n ń pè ní spruce. Ewé wọn rí bí abẹ́rẹ́, kì í sì í wọ́ dànù nígbà òtútù. Nítorí òtútù, wọn kì í tètè dàgbà. Ní àríwá Swídìn, igi tí wọ́n bá gbìn lónìí lè lo ọgọ́rin ọdún títí dé ọgọ́fà ọdún kí ó tó tó gé. Ẹni tí ó gbìn ín kò ní rí i gé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò gé e.

Kí ni wọ́n ń fi igi náà ṣe? Pákó ni, àti pépà. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà nínú igi òtútù wọ̀nyí gùn ju ti igi eléwé gbòòrò lọ, bí ìlọ́po mẹ́ta. Okùn gígùn yìí ni ó ń jẹ́ kí pépà yi, tí kò fi tètè ya. Pépà tí ó yi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kraft, èyí tí ó túmọ̀ sí agbára ní èdè Jámánì àti ti Swídìn. Òun ni a fi ń ṣe àpò sìmẹ́ǹtì. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ta sìmẹ́ǹtì láàárín wa, ọ̀rọ̀ igbó òkèèrè yìí kò jìnnà sí ìsọ̀ yín.

BÍ WỌ́N ṢE GÉ E NÍ ÌBẸ̀RẸ̀

Ní nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1801, àwọn ìlú ńláńlá Yúróòpù ń fẹ́ pákó lójú méjèèjì. Àwọn oníṣòwò igi wọ àríwá Swídìn. Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀rọ ìlagi sí ẹnu odò ní etí òkun. Àwọn agégi a wọ igbó nígbà òtútù pẹ̀lú àáké àti ayùn, ẹṣin a wọ́ ìtì igi lórí òjò dídì lọ sí etí odò. Nígbà tí òtútù bá sì kásẹ̀, tí odò kún, wọn a ju igi sí omi, omi a gbé e lọ sí ẹnu odò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà odò yìí pẹ́ gan-an. Odò Klarälven ni ó gbẹ̀yìn, ọdún 1991 sì ni wọ́n dẹ́kun àtifi igi ránṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ní àkókò yẹn, ṣíṣà ni wọ́n ń ṣà á gé. Igi tí ó tóbi jù, tí ó dára jù, ni wọn a kọ́kọ́ mú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọn a padà wá mú èyí tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi ku àwọn igi wíwọ́, àwọn tí àrùn ti mú, àti àwọn tí kò lè dàgbà mọ́. Láti ọ̀nà jíjìn, igbó náà ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wọ inú rẹ̀, kò sí nǹkan níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ igbó wọn fún irú igbó bẹ́ẹ̀ ní orúkọ kan: irọ́ aláwọ̀ ewé.

Ìjọba rí i pé bí nǹkan bá ń lọ bẹ́ẹ̀, igi yóò tán. Ní ọdún 1903, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Swídìn ṣe òfin kan tí ó kúrú, ṣùgbọ́n tí ó ní agbára: ẹni tí ó bá gé igbó gbọ́dọ̀ rí i pé igbó mìíràn hù ní ipò rẹ̀. Wọn kò sọ pé kí ènìyàn má gé. Wọ́n ní bí o bá gé, gbèsè ti wà lọ́rùn rẹ.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI Ń GÉ KANLẸ̀

Ẹ lè bi mí pé, bí ṣíṣà gé bá ń ba igbó jẹ́, kí ni wọ́n wá ń ṣe? Ìdáhùn wọn ni pé kí a gé gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ní ọdún 1948, àwọn àgbà onímọ̀ igbó ní Fínlándì fọwọ́ sí ìwé kan tí ó bu ẹnu àtẹ́ lu ṣíṣà gé. Ní ọdún 1950, àjọ tí ó ń bójú tó igbó ìjọba Swídìn pàṣẹ irú rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni gígé kanlẹ̀ ti di ọ̀nà tí ó gbilẹ̀ jù.

Wọ́n ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò. Àgbẹ̀ kankan nínú wa mọ̀ pé àgbàdo tí a gbìn sí abẹ́ igi máńgòrò kò ní yọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ igi páìnì ṣe rí: kò lè dàgbà lábẹ́ òjìji àwọn àgbà, oòrùn ni ó ń fẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ewé tí ó já bọ́ kì í tètè jẹrà. Bí a bá ṣí i sílẹ̀ fún oòrùn, ilẹ̀ a móoru, oúnjẹ inú rẹ̀ a sì jáde fún ọmọ igi. Wọ́n tún ní iná ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ayé àtijọ́. Àrá a sán, iná a jó igbó, igbó titun a sì hù. Òótọ́ ni. Ní Kánádà, oríṣi igi páìnì kan tilẹ̀ wà tí èso rẹ̀ máa ń fi oje dí ara rẹ̀ pa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ooru iná ni ó ń yọ́ oje náà, tí irúgbìn fi ń jáde.

Ìdí kẹta ni owó. Ẹ̀rọ kan wà nísinsìnyí tí ẹnì kan ṣoṣo ń wà. Yóò di igi mú, yóò gé e, yóò ho ẹ̀ka rẹ̀, yóò sì gé e sí ìtì ìtì kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ilẹ̀ gbalasa. Ó rọrùn fún un láti kó gbogbo rẹ̀ ju kí ó máa wá ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Lónìí, ilẹ̀ tí wọ́n ń gé kanlẹ̀ ní Swídìn tó bí hẹ́kítà 200,000 lọ́dún. Hẹ́kítà kan jẹ́ éékà méjì àti ààbọ̀. Ó pọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n igbó wọn tó bí mílíọ̀nù 28 hẹ́kítà, nítorí náà ohun tí wọ́n ń gé lọ́dún kan kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

BÍ WỌ́N ṢE Ń MÚ IGI PADÀ

Ibi yìí ni kí ẹ ti fetí sí mi dáadáa, nítorí pé iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gé ju ààbọ̀ hẹ́kítà lọ gbọ́dọ̀ fi tó ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó igbó létí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Òfin tún sọ iye ọjọ́ orí tí igbó gbọ́dọ̀ pé kí a tó gé e. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e, ẹ̀rọ a tú ilẹ̀ ní ìlà ìlà, kí gbòǹgbò ọmọ igi lè rí ilẹ̀ gidi dì mú. Nígbà náà ni wọn a gbìn. Láàárín ọdún mẹ́ta tí a gé igbó, iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ti parí. Níbi tí ó jẹ́ igbó páìnì, wọ́n lè fi àwọn àgbà igi díẹ̀ sílẹ̀ ní ìdúró kí wọ́n máa fọ́n irúgbìn fúnra wọn. Ṣùgbọ́n gbígbìn ni ó pọ̀ jù: ọmọ igi tí wọ́n ń gbìn ní Swídìn tó bí 400 mílíọ̀nù lọ́dún.

Gbígbìn nìkan kò sì parí ọ̀rọ̀. Kòkòrò kan wà tí òórùn kùkùté titun máa ń fà wá. Èèpo ọmọ igi ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá jẹ ẹ́ yíká, ọmọ igi kú nìyẹn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oògùn apakòkòrò ni wọ́n ń fi pa á, títí kan DDT tí wọ́n lò títí di àárín ọdún 1970 sí 1979. Lónìí, wọ́n ti ń fi yanrìn tí a pò mọ́ ohun tí ń lẹ̀, tàbí ìda, bo ẹsẹ̀ ọmọ igi kí eyín kòkòrò má bàa wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò, ẹranko ńlá kan tí ó jọ àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n tí ó ga ju ẹṣin lọ, a wá jẹ ọ̀mùnú páìnì. Lẹ́yìn náà, wọn a wọ inú rẹ̀ lọ láti dín in kù, bí a ti ń já àgbàdo tí ó fún jù, kí èyí tí ó kù lè sanra.

Ohun tí òfin wọn ń béèrè ni pé mélòó ni ó wà láàyè, tí ó sì tó láti di igbó. Kò béèrè pé mélòó ni o gbìn. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, n ó sì padà sí i.

OHUN TÍ ÌWÉ ÌṢIRÒ SỌ

Láti ọdún 1923 ni Swídìn ti ń ka igbó rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa lọ káàkiri orílẹ̀-èdè náà lọ́dọọdún, wọn a wọn igi tí ó wà ní ojúkò ojúkò, wọn a kọ oríṣi rẹ̀, ìnípọn rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀, wọn a sì tún kọ ohun tí ó hù sí ilẹ̀ ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ki àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, nítorí pé ìwé wọn ni ó jẹ́ kí a lè dá ẹjọ́ yìí láìṣe ojúsàájú.

Ìwé náà sọ pé igi tí ó wà ní ìdúró nínú igbó Swídìn lónìí tó ìlọ́po méjì ohun tí ó wà níbẹ̀ ní ọdún 1920 sí 1929. Wọ́n ti gé e fún ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ ó di méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ó ti padà, ẹ gba àtẹ́wọ́ yín. Òfin 1903 ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú tínrín ohun tí wọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Igbó tí a gbìn ní aṣọ púpọ̀. Igi rẹ̀ gún, ewé rẹ̀ tutù, owó wà lára rẹ̀. Kí ni àkísà igbó? Igi tí ó ti kú tí ó ṣì dúró, tí ẹyẹ àkókó ń sọ ihò sí lára láti wá kòkòrò jẹ. Ìtì igi tí ó wó lulẹ̀ ní ogójì ọdún sẹ́yìn, tí olú ń hù lára rẹ̀. Àti ohun dúdú tàbí aláwọ̀ eérú tí ó ń so rọ̀ láti ẹ̀ka àgbà igi spruce, tí ó rí bí irùngbọ̀n tàbí bí aṣọ tí ó ti gbó ya. Láíkìn ni wọ́n ń pè é. Oríṣi mìíràn wà tí ó ń hù sí ilẹ̀ inú igbó páìnì, ó funfun bí ẹfun, ó sì rọ̀ bí tìmùtìmù nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Kì í tètè dàgbà rárá. Èyí tí ó ń so rọ̀ lórí igi kò lè pọ̀ àyàfi bí igi náà bá ti darúgbó.

Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ iná tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò fi pé. Iná máa ń jó igbó, ṣùgbọ́n a máa fi òkú igi sílẹ̀ ní ìdúró, a sì máa fò àwọn àgbà páìnì tí èèpo wọn nípọn. Iná ń fi àkísà sílẹ̀. Ẹ̀rọ ń kó igi lọ sí ilé ìlagi. Ẹyẹ àkókó kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, tí òkú igi eléwé gbòòrò jẹ́ ibùjẹ rẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Swídìn, bẹ́ẹ̀ igi ń pọ̀ sí i.

ÀWỌN TÍ ÀKÍSÀ YÌÍ JẸ́ OÚNJẸ FÚN

Bóyá ẹnì kan yóò ní kí ni ó kàn wá nípa ẹyẹ. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ènìyàn.

Àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Sámì. Àwọn ni onílẹ̀ àtètèkọ́ṣe ní àríwá Nọ́wè, Swídìn, Fínlándì àti apá kan Rọ́ṣíà. Iṣẹ́ ìbílẹ̀ púpọ̀ nínú wọn ni dída ẹran kan tí ó jọ àgbọ̀nrín, tí ó ní ìwo ẹlẹ́ka. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní àgbọ̀nrín òtútù. Ní Swídìn, ẹran náà tó bí 250,000, àwọn ẹgbẹ́ darandaran Sámì tí ó wà níbẹ̀ sì jẹ́ 51. Bí àwọn Fúlàní tí a mọ̀ dáadáa níhìn-ín ti ń tẹ̀ lé koríko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Sámì ń ṣe: nígbà ooru wọn a wà lórí òkè, nígbà òtútù wọn a sọ̀ kalẹ̀ wá sí inú igbó títí dé ẹ̀bá òkun.

Kí ni ẹran yóò jẹ nínú igbó nígbà tí òjò dídì bá bo ilẹ̀ dé orúnkún? Láíkìn ni. Ẹran náà ń gbóòórùn rẹ̀ lábẹ́ òjò dídì, a sì fi pátákò wa ilẹ̀ títí yóò fi kàn án. Ṣùgbọ́n bí ojú ọjọ́ bá móoru díẹ̀, tí òjò rọ̀, tí òtútù sì tún mú, gbogbo ilẹ̀ a dì bí gíláàsì. Pátákò kò lè la á. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, láíkìn tí ó so rọ̀ lára àgbà igi ni ó ń gba ẹran là. Bí kò bá sí àgbà igi ní àyíká, ẹran a máa fọ́n káàkiri, òmíràn a kú. Olówó rẹ̀ a sì lọ ra oúnjẹ fún un. Ohun tí igbó ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ di ohun tí ó ń fi owó rà. Ayé sì ń móoru sí i, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ohun tí ó tún wà nínú ìwé ìṣirò kan náà tí ó sọ pé igi ti di méjì. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ṣí ìwé náà, wọ́n wo ohun tí wọ́n kọ nípa ilẹ̀, wọ́n sì tẹ ìṣirò wọn jáde. Wọ́n rí i pé láàárín 60 ọdún, ilẹ̀ igbó tí láíkìn ilẹ̀ pọ̀ sí ti dín kù ní ìdá 71 nínú 100. Nínú àwọn ohun tí ó fà á, igi tí a gbìn fún mọ́ra, oòrùn kò sì kan ilẹ̀ mọ́, láíkìn a sì kú. Ẹ̀rọ tí ó ń tú ilẹ̀ kí wọ́n tó gbìn ń tú u mọ́ ilẹ̀. Láti nǹkan bí 1970, wọ́n tún gbin oríṣi páìnì kan tí wọ́n kó wá láti Kánádà, nítorí pé ó ń yára dàgbà ju ti ìbílẹ̀; ó fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Sámì ń sọ pé ẹran kò lè rí nǹkan jẹ níbẹ̀, kò sì rọrùn láti gbà á kọjá.

Ìwé kan náà ni. Ní ojú ìwé kan, èrè. Ní ojú ìwé kejì, àdánù. Ẹni tí ó ka ojú kan ṣoṣo kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́ tán.

ẸJỌ́ NORDMALING

Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́. Ní agbègbè Nordmaling, ní ẹ̀bá òkun àríwá Swídìn, àwọn onílẹ̀ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún pe ẹgbẹ́ darandaran Sámì mẹ́ta lẹ́jọ́ ní ọdún 1998. Àwọn onílẹ̀ ní igbó àwọn ni, àwọn ní ìwé rẹ̀, ẹran ń ba ọmọ igi àwọn jẹ́, kí wọ́n má ṣe wọ̀ ọ́ mọ́. Àwọn Sámì ní àwọn kò sọ pé àwọn ni ó ni ilẹ̀. Ohun tí àwọn ń sọ ni pé láti ayé àwọn baba ńlá àwọn ni ẹran ti ń jẹ níbẹ̀ nígbà òtútù. Ẹjọ́ náà gba ọdún mẹ́tàlá. Ní ọdún 2011, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Swídìn dá àwọn Sámì láre: wọ́n ní ẹ̀tọ́ nípa àṣà tí ó ti pẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ní agbègbè Härjedalen, irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1990, àwọn Sámì sì jẹ̀bi ní 1996, wọ́n tún jẹ̀bi ní kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní 2002, nítorí pé ẹ̀rí tí wọ́n mú wá nípa lílo ilẹ̀ náà láti ìgbà pípẹ́ kò tó lójú ilé ẹjọ́. Gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, ojú mi kò kúrò lára èyí. Àwa tí à ń gbé ní ìlú tí kì í ṣe ti baba wa, ẹ jẹ́ kí a máa tọ́jú rìsíìtì wa, ìwé ilẹ̀ wa àti àkọsílẹ̀ ìpàdé wa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí Nordmaling. Ilé ẹjọ́ lè fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti wọ inú igbó. Kò lè fún un ní láíkìn. Ẹni tí a gbà láyè kí ó jókòó ti àwo, tí kò sí oúnjẹ nínú àwo, ebi ni yóò bá a dé ilé. Nítorí náà ni ìjà àwọn Sámì kò fi parí ní kóòtù. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n ṣì ń bá àwọn ilé iṣẹ́ igi jókòó lórí igbó kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi èyí sílẹ̀, kí a gé tọ̀hún.

OHUN TÍ WỌ́N Ń TÚN ṢE

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ di ojú. Ní ọdún 1993, Swídìn yí òfin igbó rẹ̀ padà: igi gígé àti ìtọ́jú ohun ẹlẹ́mìí tí ó wà nínú igbó di ọgbọọgba lójú òfin. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá gé kanlẹ̀, wọ́n ní láti fi àwọn àgbà igi díẹ̀, òkú igi àti etí omi sílẹ̀. Ní Fínlándì, òfin titun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014 fi àyè gba ẹni tí ó bá tún fẹ́ máa ṣà gé, tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ ṣófo rí. Ohun tí àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé kọ̀ ní 1948 ni ó tún padà wọlé. Àríyànjiyàn sì ń lọ lọ́wọ́ láàárín àwọn onílẹ̀, nítorí pé bí ìdajì igbó Swídìn jẹ́ ti àwọn ìdílé, igi yìí ni wọ́n sì fi ń rán ọmọ níléèwé, tí wọ́n fi ń tún ilé ṣe. Àwọn náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Okòwò wọn ni.

ÌMỌ̀RÀN MI

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè Ìgbìmọ̀ ni èyí: igi padà, igbó kò ì tíì padà tán. Òótọ́ wà lẹ́nu apá méjèèjì. Bí a bá gé igbó kanlẹ̀, tí òfin sì dúró ṣinṣin, aṣọ rẹ̀ yóò padà ní ìran mẹ́ta. Àkísà rẹ̀ ni kò ní padà bí a bá tún ń gé e ní gbogbo ìgbà tí ó bá ti fẹ́ darúgbó. Irú ọ̀rọ̀ yìí wà nílé wa pẹ̀lú. Ní igbó ọba Omo ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọ́n gé apá kan igbó, wọ́n sì gbin igi gmelina sí i kí ilé iṣẹ́ pépà Ìwópin lè rí igi lò. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú tí ẹ bá lọ sílé, ẹ bi àwọn ọdẹ àti àwọn tí ń já ewé àti egbòogi bóyá ohun tí wọ́n ń rí lábẹ́ gmelina dọ́gba pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń rí nínú igbó àgbà. Àwọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a mú lọ sílé.

Èkíní: ní ìhà Àríwá tí a wà yìí, a kì í pẹ́ rí ayẹyẹ igi gbígbìn. Wọn a pe àwọn èèyàn pàtàkì, wọn a ya fọ́tò, wọn a ka iye igi tí wọ́n gbìn. Bí a bá pe ẹnikẹ́ni nínú wa sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó béèrè ìbéèrè Swídìn: lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mélòó ni ó wà láàyè? Ta ni ó ń bomi rin ín? Ta ni ó ń lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀? Igi tí a gbìn tí ó kú, gbèsè ṣì wà lọ́rùn ẹni tí ó gbìn ín.

Èkejì: bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ kan ti sàn, kí ó má ṣe ka igi nìkan. Kí ó bi ẹni tí ó ń jẹ láti ibẹ̀: darandaran, obìnrin tí ó ń ṣa igi ìdáná, ẹni tí ó ń wá egbòogi. Ìwé ìṣirò tí kò ní ojú ewé tiwọn kò ì tíì pé.

Ẹ̀kẹta: níbi tí àgbà igbó bá ṣì kù, kí a fi díẹ̀ sílẹ̀ kí a tó gé, kì í ṣe lẹ́yìn tí a bá gé e tán. Ọmọ igi, a lè rà á lọ́jà. Igi ọgọ́rùn-ún ọdún, pẹ̀lú òkú igi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ àti ohun tí ó so rọ̀ lára rẹ̀, kò sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á.

 Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó nà ọwọ́ sókè; bí mo bá mọ̀ ọ́n, n ó dáhùn. Lẹ́yìn náà, Akápò yóò gba owó oṣù, mo sì bẹ̀ yín kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ́ jáde.